Ọjọ́ Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Yàn, Kí Ẹ Tó Yan Òkè: Ọ̀rọ̀ Àsọyé fún Àwọn Ayàwòrán Ẹ̀pẹ́

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa tó jókòó síwájú, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ gbé kámẹ́rà kọ́rùn, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin tí ẹ wọkọ̀ láti Ìtòíkin àti Ìjẹ̀bú-Òde nítorí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ kú ọ̀nà, ẹ kú ìnáwó. Ohun tí ẹ ní kí n wá sọ ni bí èèyàn ṣe ń múra ìrìn-àjò tó fẹ́ fi ya fọ́tò òkè, àfonífojì, ẹyẹ àti ẹranko ìgbẹ́. Màá sọ ọ́ fún àwa tí à ń gbé etí ọ̀sà, nítorí pé ọ̀pọ̀ ohun tí à ń kà lórí íntánẹ́ẹ̀tì nípa iṣẹ́ yìí, àwọn tí yìnyín ń bọ́ sórí òkè wọn ló kọ ọ́, ara wọn ni wọ́n sì kọ ọ́ fún.

Òde là ń yà jù nílùú yìí. Ìgbéyàwó, ìsìnkú, ìsọmọlórúkọ, ọdún Kayọ̀kayọ̀. Níbi òde, bí iná ò bá tó, a ó tan tiwa. Bí ìyàwó bá pajú dé, a ó ní kó tún un ṣe. Òkè kì í gbọ́ "ẹ dúró díẹ̀, ẹ wo ibí." Ìmọ́lẹ̀ ìdájí kì í padà nítorí ẹnikẹ́ni, ọ̀bọ tó sì ti fò kọjá, ó lọ nìyẹn. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ilé la ti ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ fọ́tò òkè, kí á tó jáde rárá. Ohun tí mo wá sọ kò ju èyí lọ: ọjọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ yàn, lẹ́yìn náà kí ẹ yan òkè kan ṣoṣo, kí ẹ sì sùn níbẹ̀. Ẹni tó bá ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kámẹ́rà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí ti tó o.

Ẹ wò ó bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń ṣe é. Wọ́n á kúrò nílé láàárọ̀, wọ́n á dé ìdí òkè nígbà tí oòrùn ti wà ní àtàrí, wọ́n á gùn ún pẹ̀lú òógùn, wọ́n á ya ara wọn ní fọ́tò, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ kejì wọ́n ti wà ní Ìkọ́gòsì, lọ́jọ́ kẹta Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Ẹni tó lé eku méjì á pòfo, mélòó mélòó wá ni ẹni tó lé òkè mẹ́ta. Gbogbo ibi tí wọ́n dé, wákàtí tó burú jù lọ ni wọ́n bá a: ìmọ́lẹ̀ ti le, òjìji ti kúrú sábẹ́ òkúta, ẹranko ti wọ inú igbó lọ sùn. Wọ́n á wá ní òkè yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ dára nínú fọ́tò. Òkè náà dára o, àsìkò ni wọn ò bá rìn.

Ẹ jẹ́ kí á wá mú ojú ọjọ́, kí á tú u wò dáadáa. Ní ilẹ̀ Yorùbá, òjò ń bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí oṣù kẹta tàbí ìkẹrin, ó ń le títí di oṣù keje, ó ń sinmi díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ, ó tún ń padà wá ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọyẹ́, láti ìparí oṣù kọkànlá títí wọ oṣù kejì. Ẹ̀yin náà mọ èyí. Ohun tí ayàwòrán gbọ́dọ̀ mọ̀ kún un ni ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń ṣe sí ojú òkè.

Ọyẹ́ kì í ṣe òtútù lásán. Eruku ló gbé dání, eruku kúnná tí atẹ́gùn àríwá ìlà-oòrùn ń kó láti inú aṣálẹ̀ Sahara, pàápàá láti ibi tí wọ́n ń pè ní Bodélé lórílẹ̀-èdè Chad. Bí ẹ bá dúró lórí òkè nínú oṣù kìíní, òkè tó súnmọ́ yín á ní àwọ̀ tirẹ̀, èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á ṣe ràkọ̀ràkọ̀, ẹ̀kẹta á di eérú, ẹ̀kẹrin ò ní sí níbẹ̀ mọ́. Ẹni tó ń wá fọ́tò tí òkè jíjìnnà ti hàn kedere, kó má lọ nígbà ọyẹ́, owó ọkọ̀ rẹ̀ á ṣòfò. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ oòrùn pupa ròdòròdò tó dúró láàárín ọ̀run, tàbí tó fẹ́ kí òkè tò lẹ́yìn ara wọn kí wọ́n máa ṣá díẹ̀díẹ̀, ọyẹ́ ni tirẹ̀. Kó má kàn máa pààrọ̀ lẹ́ńsì ní gbangba, nítorí eruku yẹn á wọ inú kámẹ́rà, kò sì ní jáde bọ̀rọ̀.

Tèmi, bí wọ́n bá ní kí n mú ìgbà kan péré nínú ọdún, láti ìparí oṣù kẹwàá sí àárín oṣù kọkànlá ni màá mú. Òjò ti fọ ojú ọ̀run mọ́, ọyẹ́ ò tíì dé. Koríko ṣì tutù, omi ṣì ń ṣàn láàárín àpáta. Òjò ìkẹyìn lè dé lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n lẹ́yìn irú òjò bẹ́ẹ̀ gan-an ni afẹ́fẹ́ ń mọ́ jù lọ. Ní ìdájí ọjọ́ kejì, kùrukùru á dùbúlẹ̀ sí àfonífojì, orí àpáta á sì yọ síta lókè rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń jí lọ sí etí omi níbí mọ kùrukùru orí ọ̀sà dáadáa. Tòkè náà ń fẹ́ ohun kan náà: òru tó tutù, ilẹ̀ tó rin, atẹ́gùn tí kò jà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le díẹ̀ ni pé oṣù tó dáa fún òkè kọ́ ló dáa jù fún ẹranko. Nínú ọ̀gbẹlẹ̀, oṣù kìíní àti ìkejì, ewé ti wọ́, koríko ti gbẹ, omi ti ṣọ̀wọ́n, ẹranko á máa wá síbi omi tó kù, ojú sì lè rí wọn láti ọ̀nà jíjìn. Ní oṣù kẹwàá, igbó ṣì kún, ẹ lè gbọ́ ìró ẹranko ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá kí ẹ má rí i. Nítorí náà, kí ẹ tó ṣírò owó, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: òkè ni àbí ẹranko? Ẹni tó bá ní méjèèjì ni òun fẹ́, kó mú oṣù kọkànlá, kó fi òkè ṣe ìyàwó ilé, kó fi ẹyẹ ṣe àlejò. Ẹyẹ pọ̀ lásìkò náà, nítorí pé láti oṣù kẹsàn-án ni àwọn ẹyẹ tó ń sá fún òtútù Yúróòpù ti ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa, wọn kì í padà títí oṣù kẹta tàbí ìkẹrin.

Ẹ jẹ́ kí á bọ́ sórí wákàtí. Àwọn òyìnbó ní ọ̀rọ̀ kan nípa wákàtí oníwúrà, pé lẹ́yìn tí oòrùn bá yọ, ìmọ́lẹ̀ á rọ̀ fún odindi wákàtí kan. Ó rí bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ wọn. Ilẹ̀ tiwa súnmọ́ agbedeméjì ayé, oòrùn wa ń gòkè ṣánṣán ni, tiwọn ń rìn ní ìdágẹ̀rẹ̀. Láàárín ìdajì wákàtí sí ogójì ìṣẹ́jú, ìmọ́lẹ̀ pupa rírọ̀ yẹn ti tán. Bí àṣálẹ́ náà ṣe rí nìyẹn: oòrùn wọ̀, kí ẹ tó tú tráípọ́ọ̀dù (ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí à ń gbé kámẹ́rà lé) palẹ̀, ilẹ̀ ti ṣú. Ẹni tó bá ń fi ìṣirò ìwé òyìnbó rìn lórí òkè wa, yóò máa pẹ́ dé ni.

Nítorí náà, ẹ̀yìn la ti ń ka aago bọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá, nǹkan bí 6:30 òwúrọ̀ ni oòrùn ń yọ ní Ìdànrè, òkè alátẹ̀gùn tí màá ní kí ẹ yàn. (Ní ìparí oṣù kìíní, ó ti súnmọ́ 7:00, ẹ má gbàgbé, torí nǹkan bí oṣù mẹ́ta péré ló wà láàárín wọn.) Ìmọ́lẹ̀ tó ṣeé fi ya fọ́tò ń ṣáájú oòrùn ní ogún ìṣẹ́jú ó lé díẹ̀. Ìyẹn ni pé, kí ẹ lè ráyè múra ṣáájú rẹ̀, nígbà tí aago bá lu 5:45, tráípọ́ọ̀dù yín ti gbọ́dọ̀ dúró síbi tí ẹ ti yàn lánàá. Ẹni tó gbé ẹrù kámẹ́rà gun òkè yẹn, tó ń sinmi lọ́nà, kó fi wákàtí kan sí i: 4:45. Kí ẹ tó jí, kí ẹ wọ bàtà, kí ẹ rìn dé ìdí àtẹ̀gùn: 4:15. Ẹ wá rí i pé kò sí bí ẹni tó sun Àkúrẹ́ ṣe lè ṣe é láìjẹ́ pé ó wà lójú ọ̀nà ní òru, èmi ò sì ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti máa wakọ̀ lóru. Ìdí òkè ni kí ẹ sùn.

Ibi tí oòrùn ti ń yọ náà ń yí. Ní oṣù kọkànlá, ó ń yọ ní ìlà-oòrùn tó tẹ̀ sí gúúsù. Ní oṣù kẹfà, ó tẹ̀ sí àríwá. Àpáta tí ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ gbá lójú nínú fọ́tò ẹnìkan ní oṣù kẹfà lè wà nínú òjìji nígbà tí ẹ̀yin bá dé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, ọ̀sán gangan ni oòrùn ń dúró sí àtàrí wa, láìyẹsẹ̀: ẹ lọ jẹun nígbà náà, ẹ sùn. Òṣùpá ńkọ́? Lọ́jọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí òṣùpá kún, ó ti ń yọ kí oòrùn tó wọ̀, nítorí náà ẹ lè ya òṣùpá lórí àpáta nígbà tí ìmọ́lẹ̀ ṣì wà lára àpáta náà. Lọ́jọ́ tó kún gan-an, bó ti ń yọ ni ilẹ̀ ń ṣú. Lẹ́yìn ìyẹn, ojoojúmọ́ ló ń fi nǹkan bí àádọ́ta ìṣẹ́jú pẹ́ sí i. Ẹ wo kàlẹ́ńdà òṣùpá kí ẹ tó dá ọjọ́.

Òkè wo wá ni? Fún àwa ará Ẹ̀pẹ́, Ìdànrè ni mo mú, mo sì ní ìdí. Ó wà nínú ìpínlẹ̀ Oǹdó, kò jìnnà sí Àkúrẹ́, ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde sí Òrè sí Oǹdó lè gbé wa débẹ̀ lójúmọmọ. Akọ òkúta ni òkè náà, àwọn àpáta ràgàjì tó dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí òjò ti fa ilà dúdú sí lára láti òkè dé ilẹ̀. Òdòde, Àlàdé àti Atòsìn ni ìlú náà, wọ́n wà nísàlẹ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n orí òkè ni àwọn ará Ìdànrè gbé fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ààfin Ọwá àtijọ́ ṣì wà lókè, ilé ẹjọ́ àtijọ́ wà níbẹ̀, ilé agogo wà níbẹ̀. Àtẹ̀gùn tó lé ní ẹgbẹ̀ta, 600, ló gbé èèyàn lọ síbẹ̀, pẹ̀lú ibi ìsinmi lójú ọ̀nà. UNESCO kọ ọ́ sínú ìwé àwọn ibi tí wọ́n ń gbé yẹ̀ wò fún ogún àgbáyé ní 2007. Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ nìyí: nínú fọ́tò kan ṣoṣo, àpáta, igbó, òrùlé páànù tó ti dípẹtà láàárín àpáta, àti ilé tí àwọn baba ńlá fi sílẹ̀, gbogbo wọn á wà pọ̀.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ní kí á kúkú lọ sí òkè ńlá. Ó wà o. Obudu ní ìpínlẹ̀ Cross River ga tó 1,576 mítà, òtútù ibẹ̀ ń béèrè súẹ́tà. Chappal Waddi, tó wà ní ọgbà ẹranko Gashaka-Gumti, ga tó 2,419 mítà, òun ló ga jù ní Nàìjíríà. Àwọn òkè Mbe àti Afi ní Cross River ni àwọn ìnàkí Cross River ń gbé, tí gbogbo èyí tó kù láyé, ní Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù, kò tó 300. Ní 2020, fọ́tò jáde tó fi àgbà ìnàkí hàn pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn lórí òkè Mbe, inú gbogbo ayé dùn. Kò sí ẹni tó di kámẹ́rà yẹn mú. Kámẹ́rà tí wọ́n so mọ́ igi tí wọ́n fi sílẹ̀ ló yà á, nítorí pé ẹranko yẹn kì í jẹ́ kí èèyàn súnmọ́ òun. Irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ gba àṣẹ, ó gba ọ̀pọ̀ ọjọ́, ó gba owó. Ẹ jẹ́ kí á kọ́ iṣẹ́ náà ní Ìdànrè ná.

Bí ẹ bá ti yan ọjọ́ àti òkè, ẹ ṣí Google Earth, ẹ yí òkè náà ká lórí fóònù yín. Ẹ wo ìhà tó kọjú sí ìlà-oòrùn, ìyẹn ni iṣẹ́ òwúrọ̀. Èyí tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, ìyẹn ni iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́. Ẹ gba máàpù ibẹ̀ sórí fóònù kí ẹ tó kúrò nílé, nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè má sí láàárín àpáta. Lọ́jọ́ tí ẹ bá dé, ẹ fi kámẹ́rà ńlá sílẹ̀. Fóònù nìkan ni kí ẹ gbé gòkè ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ fi ya gbogbo ibi tí ẹ rò pé ẹ ó dúró sí, kí ẹ sì wo ibi tí ẹsẹ̀ ti lè yọ̀. Ọjọ́ yẹn ló máa ń dun àwọn ọ̀dọ́ jù, wọ́n á ní àwọn ti fi ọjọ́ kan ṣòfò. Àmọ́ ẹni tí kò ríran nínú òkùnkùn ìdájí, ohun tó rí lánàá ló máa fi rìn.

Ẹ bá àwọn alábòójútó òkè sọ̀rọ̀ ṣáájú pé ìdájí lẹ fẹ́ gòkè, kí ẹ sì gba amọ̀nà tó jẹ́ ọmọ ìlú. Kí ẹ má ṣe é nítorí pé wọ́n ní kí ẹ ṣe é. Ojúbọ wà lókè yẹn, ibi tí wọn ò fẹ́ kí wọ́n ya fọ́tò wà níbẹ̀, ọmọ ìlú ló lè sọ fún yín pé ẹ yí ojú kámẹ́rà síbòmíràn. Ẹ gbọ́ sí i lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan, kó má tún un sọ.

Ó wá ku ẹranko. Ọjà Olúwo wà níbí, kò sí ọmọ Ẹ̀pẹ́ tí kò mọ ẹran ìgbẹ́. Etu, ọ̀yà, òkété, a mọ wọ́n lórí igbá. Ìwọ̀nba nínú wa ló ti rí wọn níbi tí wọ́n ti ń mí, tí wọ́n ń jẹun, tí wọn ò mọ̀ pé ẹnìkan ń wo àwọn. Ẹranko tí wọ́n ń dẹ kì í dúró de èèyàn, ìyẹn gan-an ló mú kó ṣòro láti yà wọ́n nílẹ̀ wa. Àwọn fọ́tò ẹranko láti Kẹ́ńyà tí ẹ ń rí, àárín ọkọ̀ ni wọ́n ti ń ya púpọ̀ nínú wọn, ẹranko ibẹ̀ ti mọ ọkọ̀ lójú, wọn ò sì rí ìbọn níbẹ̀. Tiwa yàtọ̀. Ọgbọ́n ọdẹ la máa fi ṣe é: ibùba. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ ọdẹ ibi tí ẹranko ń gbà lọ mu omi, ẹ jókòó sí ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá bá yín, kó má gbé òórùn yín lọ bá wọn. Ẹ má fi lọ́fínńdà sára, ẹ pa ìró fóònù, ẹ jókòó. Ọdẹ adẹ̀gùn lè jókòó sórí igi láti ìrọ̀lẹ́ dé òru láìwúkọ́. Bí ẹ bá gba ọdẹ ṣe amọ̀nà, ẹ jọ ṣe àdéhùn kí ẹ tó kúrò nílé pé ìbọn ò ní tẹ̀ lé yín, kí ẹ sì san owó tó tó o, kí ọjọ́ yẹn má bàa já sí òfò fún un.

Etí ń ṣáájú ojú níbi iṣẹ́ yìí. Àwọn àgbà ní ohùn ni òfàfà fi ń ṣakin. Ẹranko kékeré ni, kò ní ìrù, inú ihò igi ló ń gbé, òru ló ń jẹ̀, ariwo rẹ̀ sì lè mú kí àlejò rò pé ohun ńlá kan ló ń bọ̀. Ní 2021, àwọn onímọ̀ kan, tí John Oates wà lára wọn, kọ ọ́ jáde pé òfàfà tó ń gbé láàárín odò Volta ní Gánà àti odò Ọya wa yàtọ̀ sí ti àwọn ilẹ̀ tó yí i ká, wọ́n sì fún un ní orúkọ tirẹ̀: Dendrohyrax interfluvialis. Ohùn wà lára ohun tó fi í hàn. Àwọn tó wà lódìkejì odò ń han gooro, tiwa ń gbó. Ẹ rò ó wò: ẹranko tí àwọn baba wa ń gbọ́ lóru láti ọjọ́ yìí wá, ọdún díẹ̀ sẹ́yìn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé irú rẹ̀ ò sí níbòmíràn. Ẹ gba ohùn sílẹ̀ pẹ̀lú fóònù yín lóru. Bí ẹ ò bá rí fọ́tò òfàfà yà, ohùn tó ní ọjọ́, wákàtí àti ibi tí ẹ ti gbọ́ ọ wúlò fún àwọn tó ń ṣèwádìí.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, alángbá ni kó fi kọ́ṣẹ́. Mo mọ̀ pé alángbá wà lára ògiri yín nílé. Ẹ lọ wo tinú àpáta. Ní kùtùkùtù, akọ rẹ̀ á jáde sórí òkúta, ara rẹ̀ á ṣì tutù, àwọ̀ rẹ̀ á rí bákan, kò ní lè sáré. Bí oòrùn ti ń mú òkúta gbóná, orí rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ara rẹ̀ á di búlúù, á wá máa mi orí sókè sódò láti sọ fún akọ mìíràn pé ilé òun nìyí. Láàárín ìgbà tó jáde sí ìgbà tí ara rẹ̀ gbóná tán, ẹ lè dojú bolẹ̀, kí ẹ fi ìgbọ̀nwọ́ wọ́ súnmọ́ ọn. Kí lẹ́ńsì wà ní ìwọ̀n ojú rẹ̀, kó má jẹ́ pé òkè lẹ ti ń wò ó. Ojú rẹ̀ ni kí ẹ fi fókọ́ọ̀sì sí. Ẹni tó bá ya alángbá kan dáadáa báyìí, pẹ̀lú àpáta àti ọ̀run lẹ́yìn rẹ̀, ti ya òkè àti ẹranko pọ̀.

Ẹ gbójú sókè náà. Àṣá àti awòdì máa ń lo atẹ́gùn gbígbóná tó ń ti ara àpáta gòkè, láti nǹkan bí agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ sí í yí po láìju apá. Bí ẹ bá wà lórí àpáta, wọ́n lè kọjá ní ìsàlẹ̀ yín, kí ẹ rí ẹ̀yìn wọn. Ẹ fi shutter, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń yára ṣí ojú tó sì ń pa á dé, sí 1/1000 ìṣẹ́jú àáyá tàbí kó yá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àdán wà nínú ihò àpáta ní Ìdànrè. Ẹ má wọ inú ihò lọ bá wọn, nítorí àìsàn tí àdán lè gbé dání. Ẹnu ìta ni kí ẹ dúró sí ní ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n jáde wá bá yín. Ẹ má ṣe ju òkúta kí ẹranko lè fò. Ẹ má tú ìtẹ́ ẹyẹ. Kí ẹ tó gbé fọ́tò sí Facebook, ẹ yọ àmì ibi tí fóònù ti yà á kúrò, nítorí àwọn apẹran náà ń wo Facebook.

Ti ẹrù ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Kámẹ́rà kan, lẹ́ńsì fífẹ̀ kan, lẹ́ńsì gígùn kan tó dé 300 mm bí ó bá wà, tráípọ́ọ̀dù, tọ́ọ̀ṣì orí, aṣọ òjò, omi, bátìrì tó lé ní méjì, pawabánkì. Ẹ má fi lẹ́ńsì gígùn mọ sí ti ẹranko. Láti orí Ìdànrè, òun ló ń fa òrùlé páànù àti àpáta súnmọ́ ara wọn. Àpáta dúdú ń tan kámẹ́rà jẹ, á rò pé òkùnkùn wà, á fi ìmọ́lẹ̀ kún un, ọ̀run á sì funfun bàlàú. Ẹ dín ìmọ́lẹ̀ kù, tàbí kí ẹ ya méjì, ọ̀kan fún ọ̀run, ọ̀kan fún àpáta, kí ẹ pa wọ́n pọ̀ nílé. Bí A/C bá wà ní yàrá tí ẹ sùn, ẹ pa á, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìrì á bo ojú lẹ́ńsì bí ẹ bá ti jáde, ìṣẹ́jú tí ẹ fi ń nù ún ni oòrùn á yọ. Bàtà ni kí ẹ náwó lé. Paramọ́lẹ̀ ń yáàrùn lójú ọ̀nà, òkúta tó ní èèhọ̀n sì ń yọ̀. Bí àrá bá sán, kódà níbi jíjìn, ẹ sọ̀ kalẹ̀.

Àwọn ìbéèrè tí ẹ bi mí lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára, màá kọ mẹ́ta sílẹ̀ níbí.

Bàbá kan tó ti ṣọdẹ rí bèèrè pé, "Ọmọ mi, ṣé ẹranko ṣì wà tí ẹ ó lọ yà?" Mo ní, "Bàbá, ó wà, ṣùgbọ́n ó ti dín kù sí tìgbà yín." Ní Ọmọ, nínú igbó ọba tó wà nípìńlẹ̀ Ògùn, erin ṣì wà, ọ̀pọ̀ èèyàn Ìjẹ̀bú ò sì mọ̀. Mo bẹ bàbá náà kí wọ́n jókòó ti àwọn ọ̀dọ́ wa, kí wọ́n kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ka ipa ẹsẹ̀. Wọ́n gbà, inú mi dùn gan-an.

Ẹnìkejì bèèrè nípa dróònù. Ní Nàìjíríà, ẹ ò lè ṣàdédé fò ó. Ó gba àṣẹ lọ́dọ̀ NCAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfuurufú, àti ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ààbò orílẹ̀-èdè, ONSA. Ó tún ń dẹ́rù ba ẹyẹ, pàápàá àwọn àṣá tó ń pamọ lójú àpáta. Tèmi, mi ò ní gbé e lọ.

Àbúrò mi obìnrin kan ní fóònù nìkan ló wà lọ́wọ́ òun, ṣé kí òun jókòó sílé ni. Rárá o. Fóònù ń ya kùrukùru, ó ń ya ìdájí lórí tráípọ́ọ̀dù kékeré, ó ń gba ohùn òfàfà. Ẹyẹ tó wà lókèèrè nìkan ni kò ní lè ṣe dáadáa, ó sì lè fi ti òkè ṣe ìpín tirẹ̀. Kó lọ sí ọgbà Lekki Conservation Centre ní ọjọ́ kan kí á tó lọ. Àwọn ọ̀bọ ibẹ̀ ti mọ èèyàn lójú, kó lọ fi wọ́n kọ́ bí a ṣe ń dúró jẹ́ẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ti fi orúkọ sílẹ̀ fún ìrìn-àjò wa sí Ìdànrè ní ìparí oṣù kẹwàá, kò ní ju ìwọ̀nba èèyàn tó lè wọ bọ́ọ̀sì kan lọ. Òru mẹ́ta la ó sùn nídìí òkè. Kí á tó pàdé lẹ́ẹ̀kejì, kí olúkúlùkù lọ sí èbúté ní ìdájí ọjọ́ kan, kó yí gbogbo ohun tó wà lára kámẹ́rà rẹ̀ padà nínú òkùnkùn láìtan tọ́ọ̀ṣì, títí ìka rẹ̀ á fi mọ̀ ọ́n. Ẹ pe ilé ìtura tí ẹ bá fẹ́ sùn, ẹ bèèrè iye tó jẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn, ẹ má fi owó tọdún tó kọjá ṣírò. Kí ẹ sì mú bàtà tí ẹ fẹ́ wọ̀ wá sí ìpàdé náà, kí n fojú ara mi rí ìsàlẹ̀ rẹ̀.